Igi Tí Mo Wá Dé Ìbàdàn Kí Iṣẹ́ Mi Tó Bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni n ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olóṣù mẹ́fà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní IT, ní Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí nípa Igbó ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, FRIN, tó wà ní Jẹ́ríkò nílùú Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ nípa igbó àti igi gẹdú ni mò ń kọ́ ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti bí mi tí wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà, n kò sì gbé ìlú mìíràn rí ju kí n lọ kí ẹbí kí n sì padà sílé. Ètò SIWES, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà fi ìwé nìkan mọ iṣẹ́, ló gbé mi wá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dé ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi, nítorí mo gbà pé ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ nípa igbó ní ìlú kan yẹ kó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín, kó wo ohun tó hù níbẹ̀ àti ohun tí kò hù mọ́. Láti ọdún 1939 ni ilé-ẹ̀kọ́ nípa igbó ti wà ní Ìbàdàn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí igi ìlú náà fúnra rẹ̀ wà.

Ọkọ̀ tí mo wọ̀ gba Ọ̀wẹ̀nà, Iléṣà àti Ifẹ̀ kọjá. Oko kòkó ló pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, àwọn igi gíga tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣíji bo kòkó sì ń yọrí láàrin wọn. Ní Ìkirè, àwọn obìnrin gbé dòdò Ìkirè wá sí ojú fèrèsé, mo sì ra ti ara mi àti ti ẹni tí mò ń lọ bá. Nígbà tí a kọjá Aṣéjíre, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun kí Ìbàdàn lè rí omi mu, mo ṣàkíyèsí pé igi ti ń dínkù, pé ilé àti ilé epo ti ń gba ipò wọn, títí a fi dé Ìwó Road tí ojú mi kò rí nǹkan mìíràn mọ́ ju ènìyàn, ọkọ̀ àti agbòòrùn àwọn ọlọ́jà.

Micra ni takisí Ìbàdàn. Ọkọ̀ Nissan kékeré yìí ló ń gbé gbogbo ìlú kiri, ènìyàn méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́ta lẹ́yìn, awakọ̀ á sì máa ké pe ibi tó ń lọ bó ti ń rọra wa ọkọ̀ lọ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo lọ bá bàbá kan tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣẹ́kù ẹnì kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa dé Elẹ́yẹlé?"

"Dúgbẹ̀ ni mò ń lọ, ọmọ mi. Wọlé, tá a bá dé Dúgbẹ̀ màá fi ọkọ̀ Elẹ́yẹlé hàn ọ́. Ṣé o ní ṣéńjì lọ́wọ́?"

Mo ní i. Nígbà tí a dé Dúgbẹ̀, bàbá náà kò wulẹ̀ nawọ́ síbi tí ọkọ̀ wà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá mi gbé báàgì mi, ó sì sọ fún awakọ̀ kejì pé, "Bá mi gbé ọmọ yìí dé Elẹ́yẹlé, àlejò ni." N kò gbàgbé oore náà, n kò sì gbàdúrà pé kí n gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo dé sí ọ̀dọ̀ wọn, Mọ́mì Elẹ́yẹlé ni gbogbo wa ń pè wọ́n láti kékeré. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n bi mí léèrè gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba dòdò Ìkirè, wọ́n sì ní kí n má jẹ́ kí Ìbàdàn dẹ́rù bà mí. "Ibi tó o bá ti ṣìnà, ìyá tó jókòó ti ọjà ẹ̀ ni kó o bi. Ó mọ gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ẹni tó ń sáré ò ní àkókò àtiṣàlàyé." Ìmọ̀ràn yẹn ni mo fi rìn káàkiri ìlú náà.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ kejì tí mo fi jáde lọ wo adágún Elẹ́yẹlé. Ọdún 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà kí adágún yìí tó wà, kí omi ẹ̀rọ lè dé ilé àwọn ará Ìbàdàn. Àwọn apẹja ti wà lórí omi nínú ọkọ̀ kéékèèké, ewéko orí omi sì ti bo apá kan rẹ̀. Ohun tó mú inú mi dùn ni igi tíìkì tó wà létí omi: ewé rẹ̀ tó gbòòrò tó sì le, tó máa ń mú kí ọwọ́ ẹni tó bá fi ọwọ́ ra á nígbà tó bá ṣì tutù pọ́n, kò ṣòro fún mi láti mọ̀. Tíìkì kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Láti ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti kó irúgbìn rẹ̀ wá nígbà ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe létí adágún náà kò kéré. Gbòǹgbò igi ló máa ń di ilẹ̀ etí omi mú kí àgbàrá má baà wọ́ ọ sínú adágún. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá ti ń kún inú adágún, bẹ́ẹ̀ ni àyè omi ń dínkù nínú rẹ̀, nígbà tí òjò ńlá bá sì dé, omi náà kò ní ibòmíràn tí yóò lọ ju inú ilé àwọn ènìyàn.

Mọ́mì ti fi ojú ara wọn rí èyí. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni òjò kan rọ̀ ní Ìbàdàn tí omi fi ya bo ìlú, tó gbé afárá lọ, tó sì gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní ìró omi náà ni wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó rí i, àti pé nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tó wà níhìn-ín kò lè kọjá sí ọ̀hún mọ́. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́, mo ń ronú nípa àwọn ilé tuntun tí mo rí tí wọ́n ń kọ́ sún mọ́ omi ní àárọ̀ ọjọ́ náà, níbi tí ó yẹ kó jẹ́ pé igi nìkan ló wà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba àṣẹ láti kọ́lé síbẹ̀, kò sì yẹ kí a máa dúró de òjò kó tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Láti Elẹ́yẹlé mo lọ sí Màpó. Gbọ̀ngàn Màpó ń bẹ lórí òkè láti ọdún 1929, ó sì yẹ kí àlejò kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, nítorí láti ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè rí ìdí tí àwọn jagunjagun fi yan ilẹ̀ yìí ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí ogun ti tú ìlú púpọ̀ ká. Òkè yí wọn ká, igbó wà ní apá gúúsù tí ọ̀tá kò lè tètè là kọjá, ọ̀dàn wà ní apá àríwá. Lónìí, òrùlé páànù tí ìpẹtà ti sọ di pupa rúsúrúsú ló bo gbogbo òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀, láti Ọjà'ba títí dé ibi tí ojú kò ti lè ríran mọ́. Lẹ́yìn náà mo gun Láyípo, ilé-ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sí Òkè Àrẹ lọ́dún 1936 ní ìrántí Ọ̀gágun Bower, tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ń yípo bí orúkọ rẹ̀ ti wí, nígbà tí mo sì dé òkè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọ̀ ewé láàrin àwọ̀ ìpẹtà. Ó wà, ṣùgbọ́n ó tú ká gan-an: máńgòrò kan lẹ́yìn agboolé kan, ọ̀pẹ díẹ̀ létí odò, odán kan tó dá dúró. Ibi tí ewé ti pọ̀ jẹ́ ọ̀nà jíjìn, ní apá ibi tí yunifásítì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba wà.

Ọkàn mi ti wà ní Ìdí-Arẹrẹ kí n tó kúrò ní Àkúrẹ́. Arẹrẹ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igi tó ga jù lọ nínú igbó wa, ó lè ga ju àádọ́ta mítà lọ, mo sì ti ka ìwé púpọ̀ nípa rẹ̀ nítorí pé ó yára dàgbà, ó sì wúlò fún pákó. Láti Màpó, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìdí-Arẹrẹ. Mo rìn ín, mo wo òkè, mo wo ẹ̀yìn ilé, n kò rí i. Mo kí bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì béèrè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, igi arẹrẹ tí wọ́n fi sọ ibí lórúkọ, níbo ló wà?"

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Ọmọ mi, èmi náà bá orúkọ ni. Bàbá mi tó bí mi sílẹ̀ níbí, wọn ò sọ fún mi rí pé àwọn rí igi náà." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi igi ṣe. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni mò ń kọ́, wọ́n ní ẹ̀kọ́ tó dára ni, wọ́n sì gbàdúrà fún mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àdúgbò sínú ìwé kékeré mi. Ìdí-Ìṣin wà ní tòsí Jẹ́ríkò. Ìdí-Osè wà lápá àríwá, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, níbi tí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, wà. Ìdí-Ayùnrẹ́ wà lápá gúúsù, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa kòkó wà, tí igbó ọba Oníga­mbàrí sì wà nítòsí rẹ̀. Mo fi wọ́n sórí àwòrán ìlú, mo sì rí ohun kan tí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi nínú kíláàsì: osè, tí òyìnbó ń pè ní baobab, jẹ́ igi ọ̀dàn, apá àríwá tó súnmọ́ ọ̀dàn ni orúkọ rẹ̀ wà, arẹrẹ àti ayùnrẹ́ jẹ́ igi igbó, àárín ìlú àti apá gúúsù ni orúkọ tiwọn wà. Mo mọ̀ pé ènìyàn lè gbin osè síbi tó bá wù ú, àwọn baba wa sì máa ń gbìn ín sí ìlú, nítorí náà n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí ṣe ẹ̀rí tó dájú. Síbẹ̀, ó jọ mí lójú pé àwọn tó sọ àdúgbò wọ̀nyí lórúkọ ti ya àwòrán ibi tí igbó parí sí àti ibi tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìwé àti gègé wá láti yà á. Ìṣin ní tirẹ̀ ti kọjá òkun: wọ́n gbé e láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Jàmáíkà ní nǹkan bí ọdún 1778, òun sì ni èso orílẹ̀-èdè wọn lónìí. Àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ àfi tó bá la ara rẹ̀ lórí igi, nítorí májèlé ló wà nínú èyí tí kò tíì là.

Ọjà Bódè ni mo ti pẹ́ jù lọ. Ọjà ewé àti egbò ni, èèpo igi ló sì kún àtẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo dúró níwájú ìyá kan, mo ń ka orúkọ nínú ara mi bí mo ti ń wò: èèpo ọ̀gànwó, èèpo ahùn, ẹ̀ẹ̀rù, orógbó, gbòǹgbò asòfẹ́yẹjẹ. Nínú ìwé, orúkọ Látìn ni mo fi kọ́ gbogbo wọn, mo sì fi ewé àti òdòdó wọn kọ́ bí a ti ń dá wọn mọ̀. Ìyá yìí kò nílò ewé, kò nílò òdòdó. Èèpo gbígbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni wọ́n á mú, wọ́n á gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí méjì, wọ́n á sì pe igi tó ti wá.

"Ṣé oògùn lo fẹ́ rà ni, àbí o kàn ń wò?" ni wọ́n wí.

"Mo ń kọ́ nípa igi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ ọ̀gànwó yàtọ̀ tó bá ti gbẹ báyìí?"

Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n gbé èèpo méjì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n tọ́ ọ wò. Ọ̀gànwó korò tó bẹ́ẹ̀ tí ìkorò náà kò kúrò lẹ́nu mi títí mo fi délé, pupa inú rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju ti èkejì lọ. Wọ́n fi hàn mí pé asòfẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn fi ń tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú gbọ́dọ̀ jẹ́ gbòǹgbò, àti pé ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo sọ fún wọn pé àwọn onímọ̀ oògùn òyìnbó náà rí nǹkan nínú gbòǹgbò yìí tí wọ́n fi ń rọ ẹ̀jẹ̀ ríru lójú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló wá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Mo béèrè ibi tí èèpo náà ti ń wá. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń gbé e wá kò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń rìn, owó ọkọ̀ sì ti wọ inú iye tí wọ́n ń tà á. Kò yà mí lẹ́nu. Bí ẹni tó ń gé èèpo bá gé e yí ìdí igi po, igi náà yóò kú, nítorí inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń sè ń gbà lọ sí gbòǹgbò. Bí ó bá jẹ́ apá kan péré ni ó gé, tí ó sì fi ìyókù sílẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà lè jinná. Ìyá náà mọ èyí, wọ́n ní àwọn àgbà kì í gé e yípo, àti pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọ̀kadà wọ igbó lóde òní ni kò ní sùúrù. Mo rò pé ìyá yìí àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Bódè yẹ kó wà nínú yàrá tí a ti ń jíròrò nípa bí a ó ṣe dá igbó sí, nítorí pé wọ́n mọ igi tó ti wọ́n kí ìwádìí kankan tó kàn án.

N kò pẹ́ ní Dúgbẹ̀. Mo dúró sí ìsàlẹ̀ Ilé Kòkó, mo wo òkè títí ọrùn fi ń dùn mí. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, ó ní àjà 26, ó sì ga tó mítà 105; owó kòkó àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Iná jó o lọ́dún 1985 kí wọ́n tó tún un ṣe. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń kọjá lára rẹ̀ láìgbójú sókè, ṣùgbọ́n èmi ọmọ Àkúrẹ́, tí bàbá bàbá mi fi kòkó rán ọmọ nílé-ìwé, n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Igi ló kọ́ ilé náà.

Ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ nígbà tí mo dé ọgbà Agodi. Odò Ògùnpa ni wọ́n sé níbẹ̀ tó fi di adágún kékeré, odò yìí kan náà ló ya bo ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, tó sì ba ọgbà náà jẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹranko tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti tún un ṣe nísinsìnyí. Àwọn igi ńlá wà níbẹ̀ tí àwọn tọkọtaya àti àwọn ọmọdé jókòó sí abẹ́ wọn, afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ wọn sì yàtọ̀ pátápátá sí ti ojú ọ̀nà tí mo ti wá. Ṣùgbọ́n ènìyàn gbọ́dọ̀ sanwó kó tó wọlé. Ní gbogbo ìrìn mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá a: ibi tí igi wà ní Ìbàdàn ni ibi tí ògiri tàbí wáyà yí ká. Yunifásítì Ìbàdàn, tó wà láti ọdún 1948, ní igi tó dára jù lọ tí mo tíì rí nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. IITA ní igbó gidi nínú ilẹ̀ rẹ̀, ẹyẹ kan tí a fi orúkọ Ìbàdàn sọ tí kò sì sí níbòmíràn ju ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ń gbé inú rẹ̀. Jẹ́ríkò tí àwọn òyìnbó gbé kún fún òjìji. Ní Bẹẹrẹ, ní Fókò, ní Òjé, níbi tí èrò pọ̀ sí jù, oòrùn ọ̀sán kò rí ohun tí yóò dá a dúró. Àwọn tó nílò òjìji jù lọ ni kò ní in, èyí sì dùn mí ju bí mo ti lè kọ ọ́ síbí lọ.

Ọjà pákó Bódìjà ni mo ti rí arẹrẹ nígbẹ̀yìn. Ariwo ayùn gba gbogbo ibẹ̀, ìyẹ̀fun igi sì wà nínú afẹ́fẹ́. Pákó funfun tó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ lára ni wọ́n tò jọ gíga ju orí mi lọ. Mo gbé ọ̀kan, ó fúyẹ́, mo sì mọ̀ kí n tó béèrè.

"Arẹrẹ ni," ni ọ̀gá tó ni ín wí. "Àwọn tó ń ṣe àjà ilé fẹ́ràn ẹ̀, kì í fún ìṣó ní wàhálà. Àmọ́ tó o bá jẹ́ kí òjò pa á, á di aláwọ̀ eérú, ẹnikẹ́ni ò ní rà á mọ́."

Mo béèrè ibi tó ti wá.

"Òǹdó. Ìhà Àkúrẹ́ lọ́hùn-ún."

Ọ̀nà kan náà tí mo gbà ni pákó náà gbà wá. Mo bi ọ̀gá náà bóyá wọ́n ti gé arẹrẹ rí nítòsí Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn tó kọ́ wọn níṣẹ́ máa ń sọ ọ́, pé láti ẹ̀yìn Ìdí-Ayùnrẹ́ ni lọ́rì ti máa ń gbé e wá láyé àtijọ́. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè tí n ó gbé lọ síbi iṣẹ́ ti dá mi lójú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Elẹ́yẹlé lọ wo ẹnu ọ̀nà FRIN, kí n lè mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ fún mi pé kí n mú lẹ́tà ilé-ìwé mi àti ìwé SIWES lọ́wọ́, kí n sì dé kí aago mẹ́jọ tó lù. Nínú ilé-iṣẹ́ yìí ni ibi ìkó-ewé-pamọ́ tí gbogbo onímọ̀ nípa igi ń pè ní FHI wà, níbi tí ewé àti òdòdó gbígbẹ tó lé ní 100,000 wà lórí ìwé. Lára ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ ibi tí wọ́n ti já ewé náà, ọjọ́ tí wọ́n já a àti orúkọ ẹni tó já a. Mo fẹ́ bẹ ọ̀gá tí wọ́n bá fi mí sí lábẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí n wo gbogbo ìwé arẹrẹ, kí n yọ èyí tí wọ́n já ní Ìbàdàn sọ́tọ̀, kí n sì lọ síbi tí wọ́n kọ sára rẹ̀ láti wo ohun tó wà níbẹ̀ báyìí.

Títí di ìgbà náà, mo bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ará Ìbàdàn. Ewé arẹrẹ ní ẹ̀ka bí ìka ọwọ́, márùn-ún sí méje. Ara igi náà funfun bí eérú, ìdí rẹ̀ a sì máa yọ apá gbòòrò gbòòrò wọ inú ilẹ̀, gíga rẹ̀ yóò sì ju gbogbo igi tó yí i ká lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ a máa wọ́ dànù. Bí ẹ bá mọ ibi tí ọ̀kan ṣì dúró sí láàrin ìlú, lẹ́yìn agboolé, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, létí mọ́ṣáláṣí tàbí nínú ọgbà ilé-ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ àdúgbò náà fún mi. N ó gbé tépù ìwọnlẹ̀ lọ, n ó wọn ìdí rẹ̀, n ó bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè ìtàn rẹ̀, n ó sì ṣa èso rẹ̀ bí àsìkò bá tó, kí a lè gbìn ín.